Nígbà Tí Ẹ̀rọ Kọ̀ Tí Kò Jí

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé kìn-ín-ní parí, tí ẹ wá ń ka èyí fúnra yín, mo bá yín yọ̀.

Olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni mí ní ìlú Lomé. Èmi náà kò kàwé jìnnà. Mo ṣe collège, mo gba BEPC, owó tán nílé, mo dúró síbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ má rò pé ọ̀mọ̀wé ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ohun tí ojú mi rí, àti ohun tí mo bi àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ má sá fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má sọ pé, "Kí ló kan èmi tí mò ń ta ata?" Ó kàn yín. Owó tí ẹ ń dá sí ẹgbẹ́, inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń kọ ọ́ sí lónìí. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá kọ̀ tí kò jí, ẹ̀yin ni ẹ máa dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí wọn á máa wí pé, "Ẹ padà wá lọ́la."

1. Kí ni sáfà?

Kọ̀ǹpútà wà tí ẹnì kan ń lò lórí tábìlì rẹ̀. Òmíràn wà tí gbogbo ilé iṣẹ́ jọ ń lò. Èyí tí gbogbo wọn jọ ń lò ni à ń pè ní sáfà. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní serveur. Sáfà ni mo wí o, n kò wí sẹ́fà tí a fi ń ra ẹja.

Sáfà dàbí àmù omi àárín agbo ilé. Olúkúlùkù ní ife tirẹ̀, ṣùgbọ́n inú àmù kan náà ni gbogbo wọn ti ń bù mu. Bí àmù bá fọ́, gbogbo ilé ni òùngbẹ máa gbẹ. Nítorí èyí ni sáfà kì í fi í sùn. Tọ̀sán-tòru ló ń ṣiṣẹ́.

Irú ẹ̀rọ yìí ti pọ̀ ní Lomé. Ní ọdún 2021, wọ́n ṣí ilé ńlá kan ní ìlú wa níbí, tó jẹ́ pé nítorí irú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, wáyà ńlá tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Equiano, tí Google ní kí wọ́n tẹ́ gba abẹ́ òkun láti Portugal lọ sí Gúúsù Áfíríkà, dé etí òkun Lomé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ilé ńlá nìkan ni sáfà wà. Òmíràn wà nínú yàrá kékeré, lábẹ́ fáànù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìwé. Irú èyí ni tiwa.

2. Àtẹ àti yàrá ìkẹ́rù

Kí n tó sọ ìtàn wa, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun méjì tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn, wọ́n lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì lè ba dúkìá rẹ̀ jẹ́.

Ẹ wo ìyá tó ń ta aṣọ ní Assigamé, ọjà ńlá wa. Ó ní yàrá ìkẹ́rù. Ibẹ̀ ni ìdì aṣọ ń sùn. Ó sì ní àtẹ. Ní àárọ̀, á kó aṣọ láti yàrá, á tẹ́ ẹ sórí àtẹ kí oníbàárà lè rí i. Lálẹ́, á palẹ̀ àtẹ mọ́, á kó aṣọ padà. Àtẹ á wá ṣófo.

Kọ̀ǹpútà náà rí bẹ́ẹ̀. Yàrá ìkẹ́rù rẹ̀ ni dísìkì. Ohun tó bá wà níbẹ̀ kì í lọ bí iná bá lọ. Àtẹ rẹ̀ ni ìrántí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní RAM. Orí àtẹ yìí ló ń tẹ́ iṣẹ́ sí bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́. Bí iná bá lọ, gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ á pòórá, ṣùgbọ́n ti yàrá ìkẹ́rù á wà níbẹ̀.

Ìrántí yìí jẹ́ pátákó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn díẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ. Eyín wúrà kéékèèké wà létí rẹ̀. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Dékon ń pè é ní barrette. Àwa náà á máa pè é ní bàrẹ́ẹ̀tì. Ó ní ihò gbọọrọ tí wọ́n ń kì í bọ̀, lórí pátákó ńlá tí wọ́n ń pè ní carte mère, èyí ni pé ìyá gbogbo pátákó inú ẹ̀rọ.

Ìgbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì kí ẹ̀rọ jí, kì í kọ́kọ́ lọ sí yàrá ìkẹ́rù. Àtẹ ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Bí àtẹ bá ṣẹ́, kò ní ibi tí á tẹ́ ọjà sí. Á dúró. Á ké. Kò ní jí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa: àtẹ tó ṣẹ́ kò sọ pé olè ti kó ọjà inú yàrá.

3. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa

Ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ kan wà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìwé. Àwọn ìyá ọlọ́jà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ra sáfà tòkúnbọ̀ kan. Inú rẹ̀ ni akọ̀wé ń kọ owó olúkúlùkù sí.

Lálẹ́ ọjọ́bọ̀ kan, iná lọ, ó dé, ó tún lọ, ó tún dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ ẹtì, akọ̀wé tẹ bọ́tìnnì. Fáànù inú ẹ̀rọ ń fẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ̀rọ náà wá ń ké: píì, píì, píì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ké: píì, píì, píì.

Ọjọ́ ẹtì ni àwọn ìyá máa ń wá gba owó tí wọ́n fi ń ra ọjà ọjọ́ àbámẹ́ta. Wọ́n ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn. Ó ní láti san owó oògùn kí ọ̀sán tó pọ́n. Akọ̀wé jáde sí wọn, òógùn bò ó. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀rọ kò jí."

Wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó sọ pé òun mọ kọ̀ǹpútà. Kò ṣí ẹ̀rọ. Kò fetí sí igbe rẹ̀. Ó kàn wo ojú rẹ̀ tó dúdú, ó ní, "Dísìkì ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí n tún un ṣe bíi tuntun." Akọ̀wé ti ń mi orí sókè sódò. Ọkàn rẹ̀ ti dàrú.

Ìyá Ẹgbẹ́ ló dìde. Àgbàlagbà ni, kíláàsì mi ló ti kọ́ bí a ti ń kọ orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, pa rẹ́ kẹ̀? Kí ni wọ́n fẹ́ pa rẹ́?"

Mo ní, "Màmá, àkọsílẹ̀ owó yín ni."

Ó ní, "Ta ló rí i pé ó bàjẹ́?"

Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa nǹkan tí kò tíì wò. Ọmọ mi, wá ẹni tó mọ̀ ọ́n wá."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ ìyá yìí ló gbà wá. Bí wọ́n bá pa dísìkì rẹ́ lọ́jọ́ náà, à bá sunkún. Dísìkì kò ṣe nǹkan kan.

Ti ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn ńkọ́? Ó mú ìwé kékeré jáde láti inú ìlẹ̀kẹ̀ owó tó so mọ́ ìdí. Ohun tí a kọ́ ní kíláàsì ló wà nínú rẹ̀: ọjọ́, iye tó dá, àmì ọwọ́ akọ̀wé. Wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí pátákó dúdú, wọ́n san owó fún un, ó tọwọ́ bọ̀wé, ó lọ. Àwọn mẹ́ta mìíràn tó ní ìwé wọn lọ́wọ́ gba owó. Àwọn tí kò ní, wọ́n dúró.

4. Bí a ṣe wá ibi tó ń dùn ún

Bọ̀ọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Dékon dé ní ìrọ̀lẹ́. Èyí kò kánjú. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó fetí sí igbe ẹ̀rọ. Ó ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké? Igbe ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ariwo lásán, èdè ni. Olúkúlùkù ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ní èdè tirẹ̀, ó sì wà nínú ìwé ẹ̀rọ. Ti èyí, ìrántí ló ń dùn ún." Lẹ́yìn náà ni ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín.

Àkọ́kọ́, ó pa ẹ̀rọ, ó sì yọ wáyà iná. Wáyà iná sáfà lè jẹ́ méjì. Ó yọ méjèèjì. Ó tún tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Kò fọwọ́ kan àpótí tí iná ń gbà wọlé. Ẹ má ṣí àpótí yẹn láé, ó lè pa ènìyàn.

Èkejì, ó fi ọwọ́ kan irin ara ẹ̀rọ kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan inú rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nígbà ọyẹ́, bí a bá bọ́ aṣọ, a máa ń gbọ́ tá, tá, tá lára wa. Iná kékeré ni. Kò lè ṣe wá ní nǹkan, ṣùgbọ́n ó lè pa bàrẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀kẹta, ó ṣí ìdérí. Àwòrán kan wà lẹ́yìn ìdérí náà, tó fi ihò kọ̀ọ̀kan hàn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, àti èyí tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi bàrẹ́ẹ̀tì sí. A ti ní ẹ̀rọ yìí fún ọdún méjì, ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ pé ìwé wà lẹ́yìn ìdérí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ó fi fóònù ya fọ́tò inú ẹ̀rọ kí ó tó yọ ohunkóhun. Bàrẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ó lẹ ìwé pélébé mọ́ wọn: 1, 2, 3, 4. Ó yọ gbogbo wọn.

Ẹ̀karùn-ún, ó nu eruku. Ẹ mọ̀ pé Lomé ń gba eruku ọyẹ́, ó sì tún ń gba afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti òkun. Méjèèjì kò dára fún ẹ̀rọ. Ó fi aṣọ mímọ́ tó rẹ sínú ọtí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu awọ kó tó gún abẹ́rẹ́ nu eyín wúrà wọn jẹ́jẹ́. Ó jẹ́ kí wọ́n gbẹ dáadáa. Ó kì wọ́n padà, títí ó fi gbọ́ kọ́ọ́ lápá ọ̀tún, kọ́ọ́ lápá òsì. Ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni àìsàn ń tán síbẹ̀ yìí, nítorí bàrẹ́ẹ̀tì kan yẹ̀ díẹ̀ nínú ihò rẹ̀ ni. Ó tan ẹ̀rọ. Píì, píì, píì. Tiwa kò tán síbẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ó yọ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá ń dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú ihò kan náà tí àwòrán sọ pé kí a kọ́kọ́ lò. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ pààrọ̀ wọn, á kọ́kọ́ yọ wáyà iná. Ó fi nọ́ńbà 1 sí i, ẹ̀rọ jí. Ó fi nọ́ńbà 2 sí i, ẹ̀rọ jí. Ó fi nọ́ńbà 3 sí i: píì, píì, píì. Ó fi nọ́ńbà 4 sí i, ẹ̀rọ jí.

Gbogbo wa hó yèè. Akọ̀wé ní, "A ti mú olè!" Bọ̀ọ̀dá náà ní, "Ẹ ní sùúrù. Ó lè jẹ́ pé méjì ni wọ́n." Ó wá ṣe ohun keje: ó fi nọ́ńbà 2 sí ihò àkọ́kọ́, ó mú nọ́ńbà 1 tí ara rẹ̀ le, ó fi í sí ihò tí nọ́ńbà 3 ti ń gbé tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ jí. Ìgbà yìí ló tó sọ pé, "Ihò kò ní àìsàn. Bàrẹ́ẹ̀tì nọ́ńbà 3 nìkan ló kú."

Ṣé ẹ rí ọgbọ́n yẹn? Bí ọmọ bá ń ṣu lẹ́yìn oúnjẹ, a kì í da gbogbo oúnjẹ ilé nù. A máa ń yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí a ó fi mọ èyí tó ń ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pé ihò ló bàjẹ́, bàrẹ́ẹ̀tì tí ara rẹ̀ le kò ní jí níbẹ̀. Nígbà náà, a ó fi ihò yẹn sílẹ̀, a ó lo òmíràn tí àwòrán bá fọwọ́ sí.

Ohun kan tún wà. Sáfà máa ń pẹ́ kó tó jí lẹ́yìn tí a bá pààrọ̀ ìrántí rẹ̀. Ó lè tó ìṣẹ́jú mélòó kan tí ojú rẹ̀ á fi dúdú, nítorí ó ń ka àtẹ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí kò bá ké, tí iná ìkìlọ̀ kò sì tàn, ẹ má kánjú fa wáyà yọ. Ẹ jẹ́ kí ó kà á tán.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi méjì péré sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ, nọ́ńbà 1 àti nọ́ńbà 2. Ẹ̀rọ náà jí, bó tilẹ̀ ń fà. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó da gbogbo àkọsílẹ̀ owó kọ sórí dísìkì mìíràn. Sẹ́fà kan kò sọnù.

5. Lẹ́tà R àti lẹ́tà U

Ó ku kí a ra bàrẹ́ẹ̀tì mìíràn. Akọ̀wé wa kò dúró de bọ̀ọ̀dá náà. Ní ọjọ́ ajé, ó lọ sí ọjà, ó ra ọ̀kan. Ó dé, ó fẹ́ kì í bọ ihò, kò wọ̀. Ó fẹ́ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ lágbára. Mo pariwo, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́!" Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fi agbára mú ní í le koko.

Ohun tó fà á nìyí. Bàrẹ́ẹ̀tì ní ìran. Ìran kan ń jẹ́ DDR3, eyín rẹ̀ jẹ́ 240. Èyí tó tẹ̀ lé e ń jẹ́ DDR4, eyín rẹ̀ jẹ́ 288. Wọ́n gé àlàfo kékeré sí àárín eyín náà. Ibi tí àlàfo DDR3 wà kọ́ ni ti DDR4 wà. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìran kan sí ihò ìran kejì. DDR3 ni ẹ̀rọ wa ń lò. DDR4 ni akọ̀wé rà.

Ó padà lọ, ó pààrọ̀ rẹ̀. Èyí wọ ihò rẹ̀ wẹ́rẹ́. A dúpẹ́. A tan ẹ̀rọ. Píì, píì, píì. Ọkàn wa tún já.

Ìyá Ẹgbẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó mú bàrẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́wọ́ ọ̀tún, ó mú nọ́ńbà 4 lọ́wọ́ òsì. Ó fi awò ojú sí i. Ìwé pélébé kan wà lára bàrẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó ti máa ń ṣe ní kíláàsì. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Tíṣà, wọn kì í ṣe ìbejì. Nọ́ńbà wọn bá ara mu, ṣùgbọ́n èyí parí sí R, èyí sì parí sí U."

A pe bọ̀ọ̀dá Dékon lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ta ló rí i? Ẹ bá mi kí i." Ó ṣàlàyé pé R ni irú èyí tí sáfà wa ń lò, ó ní alábòójútó kékeré kan tó ń gba àṣẹ kó tó pín in fún àwọn tó kù. U ni irú èyí tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì máa ń lò. Bí a bá pò wọ́n mọ́ra nínú ẹ̀rọ kan, kò ní jí.

Lẹ́tà kan ṣoṣo! Bí ẹnì kan bá bi yín pé kí ni àgbàlagbà ń fi ìwé kíkà ṣe, ẹ sọ ìtàn lẹ́tà R àti lẹ́tà U fún un.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ra èyí tó parí sí R. Ẹ̀rọ jí. Bọ̀ọ̀dá náà kò tíì jẹ́ kí a lò ó. Ó fi ètò kan tí à ń pè ní Memtest86+ sí i. Ọ̀fẹ́ ni ètò náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó kọ nǹkan sórí gbogbo àtẹ, kí ó tún kà á padà, kí ó wò bóyá ohun tó kọ ló rí. Ó ṣe é mọ́jú. Ní àárọ̀, kò sí àṣìṣe kan.

6. Kí ló ń pa ìrántí ẹ̀rọ?

Mo bi bọ̀ọ̀dá náà pé kí ló dé tí pátákó kékeré ń kú. Àlàyé rẹ̀ yà mí lẹ́nu.

Ọkùnrin kan ní ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, Robert Dennard, ló ronú irú ìrántí yìí. Ní 1968 ni ìjọba ibẹ̀ fún un ní ìwé ẹ̀rí pé òun ló ni ọgbọ́n náà. Inú rẹ̀ kún fún ilé kéékèèké tí iná bíńtín ń gbé. Bàrẹ́ẹ̀tì gígà mẹ́jọ ní irú ilé bẹ́ẹ̀ tó ju bílíọ̀nù 60 lọ. Ṣùgbọ́n ilé wọ̀nyí ń jò bí igbá tó lu. Nítorí náà, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa bu iná kún wọn ju ìgbà mẹ́wàá lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, bí ooru bá pọ̀, bí eruku bá bo ẹ̀rọ, ilé mìíràn á wó.

Nígbà mìíràn, ilé kò wó, ó kàn ṣìnà ni. Ní 1978, Timothy May àti Murray Woods ní ilé iṣẹ́ Intel fi hàn pé ìtànṣán kékeré láti inú ohun tí wọ́n fi ń bo ẹ̀rọ ìrántí lè yí àmì kan padà nínú rẹ̀. Ẹ rò ó wò: nínú àkọsílẹ̀ owó, àmì kan ṣoṣo lè sọ owó kan di òmíràn.

Oògùn ẹ̀ ti wà kí àìsàn tó dé. Ní 1950, Richard Hamming ní Bell Labs kọ ọgbọ́n kan jáde, tí ẹ̀rọ fi lè rí àṣìṣe ara rẹ̀ kó sì tún un ṣe. Nínú ìrántí sáfà, bí ọ̀rọ̀ bá ní àmì 64, wọ́n á fi àmì 8 mìíràn ṣe ẹlẹ́rìí. Bí àmì kan bá ṣìnà, àwọn ẹlẹ́rìí á mọ̀ ọ́n, wọ́n á tún un ṣe. Bí méjì bá ṣìnà lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n á pariwo. ECC ni wọ́n ń pe èyí. Ní 2009, Bianca Schroeder àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn sáfà Google. Wọ́n rí i pé nínú 100 bàrẹ́ẹ̀tì, ó ju 8 lọ tó ń ṣe irú àṣìṣe báyìí lọ́dún kan. Nítorí náà, àìsàn yìí kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ọ̀tá.

Bí sáfà bá ń tún àṣìṣe ṣe, ó máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀sùn rẹ̀, á sì tan iná ìkìlọ̀. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ o. Iná pípọ́n kékeré kan ti ń tàn níwájú sáfà wa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó kú. Akọ̀wé ní ó ń gún òun lójú, ó fi aṣọ bò ó. Èmi náà rí i. Mo rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. Èmi olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ohun tí ẹ̀rọ kọ sí mi lójú, n kò kà á. Ìgbà tí bọ̀ọ̀dá Dékon ṣí ìwé ẹ̀sùn náà, orúkọ ihò nọ́ńbà 3 ló wà níbẹ̀ léraléra.

7. Ìwé àti ẹ̀rọ, ọwọ́ ọ̀tún àti òsì

Ẹnì kan lè wí pé, "Ṣé kò wá sàn kí a pa ẹ̀rọ tì, kí a máa lo ìwé nìkan?" Ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 2013, nígbà tí iná jó ọjà Assigamé. Ìwé kò lè bá iná jà. Ẹ̀rọ náà kò lè bá a jà. Ohun tó wà níbi kan ṣoṣo, ibi kan ṣoṣo ló ti lè ṣègbé.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ wa ti yí ìṣe padà. Ní alaalẹ́ ọjọ́ ẹtì, wọ́n ń da àkọsílẹ̀ kọ sórí dísìkì mìíràn, ẹnì kan ń gbé e lọ sí ilé tó jìnnà sí ọ́fíìsì. Olúkúlùkù ìyá gbọ́dọ̀ ní ìwé kékeré tirẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, kí ó wá sí kíláàsì. Láti ọjọ́ yẹn, bẹ́ǹṣì mi kò gba ènìyàn mọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kò sí fún wa. Ní Lomé yìí, ní 2013, Afate Gnikou ní WoéLab ṣa ègé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti sọ nù, ó fi wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní ìdúró, kì í ṣe lórí ìwé. Ohun tí ẹlòmíràn dà sórí ààtàn ló fi ṣe é.

Ohun tí a ó máa rántí

Ìrántí ni àtẹ, dísìkì ni yàrá ìkẹ́rù. Bí àtẹ bá ṣẹ́, ọjà ṣì wà nínú yàrá.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa dísìkì rẹ́ kí ó tó wádìí.

Ẹ fetí sí igbe ẹ̀rọ, ẹ sì ka iná ìkìlọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ bò ó.

Ẹ yọ wáyà iná kí ẹ tó ṣí i. Ẹ fọwọ́ kan irin. Ẹ ya fọ́tò. Ẹ dán bàrẹ́ẹ̀tì wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ dán ihò wò.

Ẹ mú bàrẹ́ẹ̀tì tó bàjẹ́ lọ́wọ́ lọ sí ọjà, kí ẹ ka gbogbo lẹ́tà ara rẹ̀ mọ́ ti tuntun.

Ẹ ní ìwé kékeré tiyín.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí ẹ̀rọ kò fi jí, nígbà tí dísìkì rẹ̀ kò ní àìsàn?

2. Báwo ni bọ̀ọ̀dá Dékon ṣe mọ̀ pé bàrẹ́ẹ̀tì ló kú, pé kì í ṣe ihò?

3. Kí ni Ìyá Ẹgbẹ́ kà tí àwọn tó kù kò kà?

4. Ta ni ó lè gba owó rẹ̀ ní ọjọ́ ẹtì náà? Kí ló mú kó ṣeé ṣe?

5. Ẹ mú ìwé kékeré yín. Ẹ kọ ọjọ́ òní, àti iye tí ẹ dá sí ẹgbẹ́ kẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ ẹgbẹ́ yín kò bá jí lọ́la, ṣé ìwé yìí á lè jẹ́rìí fún yín?